Dróònù Nínú Iṣẹ́ Ìtọ́jú Igbó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Aṣọ́gbó, agégẹdú tó níwèé àṣẹ, ará abúlé tó fẹ́ dáàbò bo igbó wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka igi: gbogbo wọn ló máa ń béèrè nípa dróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí èèyàn nínú rẹ̀, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra. Àwọn kan nínú rẹ̀ gba àlàyé gígùn. Àwọn mìíràn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Kí ni dróònù ń rí nínú igbó tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè rí?

Orí igi ni. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ igbó kìjikìji ń rí ìdí igi, ó ń rí gbòǹgbò àti ewé tó ti wọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí igi tó ga tó 40 mítà wà níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Bẹ́ẹ̀, orí igi yẹn ni ọ̀dá àti ọ̀pọ̀ àrùn ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn: ewé á ṣá, ẹ̀ka á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀. Dróònù á gòkè láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì wo gbogbo rẹ̀ látòkè.

Ó tún ń dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀, bí àbàtà, ibi tí omi ti ya bo ọ̀nà, tàbí ojú àpáta. Ní ọdún 2019, ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, àwọn onímọ̀ ewéko fi dróònù wo ojú àpáta kan tó dá gẹ̀rẹ́ tí kò ṣeé gùn, wọ́n sì rí Hibiscadelphus woodii níbẹ̀, igi kékeré kan tí wọ́n ti kà mọ́ èyí tó ti run láyé.

Ẹ̀rọ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí àwòrán dáhùn sílẹ̀ ná. “A fẹ́ máa ṣọ́ igbó” kì í ṣe ìbéèrè. “Igi mélòó ló wó lẹ́bàá odò yìí láàárín òjò tó kọjá àti èyí?” ìbéèrè nìyẹn. Ó ti sọ ibi tí ẹ máa fò dé, iye ìgbà tí ẹ máa fò, irú kámẹ́rà tí ẹ nílò, àti ẹni tí yóò lo èsì rẹ̀. Àìmọye dróònù ló wà nínú àpótí lónìí nítorí pé ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ rà, wọ́n wá ń wá iṣẹ́ tó máa ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Dróònù aláfáànù mẹ́rin tàbí mẹ́fà máa ń gòkè tààrà, ó lè dúró lójú kan lófuurufú, ó sì lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ju ẹní kan lọ. Òun ló dára jù fún igbó tí kò ní pápá, àmọ́ bátìrì rẹ̀ sábà máa ń tán láàárín 20 sí 40 ìṣẹ́jú. Dróònù abìyẹ́ tó dà bí bàálù kékeré lè fò fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gba ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò àyè gbalasa láti balẹ̀, igbó kì í sì í fẹ́ fún wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta da méjèèjì pọ̀: ó ń fi fáànù gòkè, ó ń fi ìyẹ́ rìn. Owó rẹ̀ ga, àtúnṣe rẹ̀ náà sì le. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, aláfáànù mẹ́rin tó mọ níwọ̀n ni mo máa ní kó lọ fi kọ́ṣẹ́.

Sátẹ́láìtì ti ń ya àwòrán ayé tipẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la tún fẹ́ fi dróònù ṣe?

Òótọ́ ni. Àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya ilẹ̀ ayé láti ọdún 1972, àwọn Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù sì ń padà wá síbi kan náà ní bí ọjọ́ 5 síra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwòrán wọn ṣe rí. Píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ kínńkín tí a fi to àwòrán pọ̀, jẹ́ 30 mítà lórí ilẹ̀ nínú Landsat, ó sì jẹ́ 10 mítà nínú Sentinel-2. Odidi orí igi ńlá kan lè wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pa hẹ́kítà igbó kan rẹ́, sátẹ́láìtì á rí i. Bí wọ́n bá yọ́ gé igi olówó iyebíye kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rùn-ún igi, ó ṣeé ṣe kó má rí nǹkan kan. Kùrukùru náà tún wà, tó máa ń bo igbó ilẹ̀ olóoru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà òjò, tí dróònù sì ń fò lábẹ́ rẹ̀.

Dróònù tó fò ní 100 mítà pẹ̀lú kámẹ́rà lásán lè fún yín ní píksẹ́lì tí kò tó 3 sẹ̀ǹtímítà. Kùkùté á hàn, ọ̀nà tí wọ́n wọ́ igi gbà á hàn, kódà wọ́n lè rí pákó tí wọ́n tò sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi kékeré ló ń wò lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ẹ má pa wọ́n pọ̀ bíi pé wọ́n ń bára wọn du iṣẹ́; ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni pé kí sátẹ́láìtì pe àkíyèsí sí ibi tí nǹkan ti yí padà, bí ìkànnì Global Forest Watch lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe láti ọdún 2014, kí dróònù lọ wo ibẹ̀ fínnífínní, kí aṣọ́gbó wá fẹsẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé gan-an dípò kó máa rin gbogbo igbó já.

Báwo ni fọ́tò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣe ń di máàpù kan?

Dróònù á máa lọ síwá sẹ́yìn lójú ọ̀nà tí ẹ ti là sílẹ̀ fún un, á sì máa ya fọ́tò tó wọnú ara wọn. Nítorí pé ohun kan náà wà nínú fọ́tò púpọ̀, tí wọ́n yà láti igun tó yàtọ̀, kọ̀ǹpútà lè ṣírò ibi tí ohun náà wà àti bí ó ti ga tó. Bí ojú wa méjèèjì ṣe ń jẹ́ ká mọ ohun tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà náà nìyẹn. Ohun méjì ló máa jáde níbẹ̀: máàpù aláwòrán kan ṣoṣo tó ṣeé wọn, àti àwọn ẹyọ àmì lọ́pọ̀ mílíọ̀nù tó fi bí òkè igbó ṣe rí hàn.

Igbó le ju oko tàbí ìlú lọ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀. Ewé jọra wọn, atẹ́gùn ń mì wọ́n, ohun tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ sì ti kúrò ní àyè rẹ̀ kó tó di ìkejì. Kọ̀ǹpútà á wá máa wá ohun tó bára mu tì, ihò á sì lu máàpù. Fún oko, bí fọ́tò bá wọnú ara wọn ní ìdá 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó. Fún igbó, ẹ gbé e dé 80 tàbí 85, ẹ fò sókè díẹ̀ sí i, kí ẹ sì yan ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀. Ọ̀sán gangan tí òjìji ti kúrú, tàbí ọjọ́ tí kùrukùru tín-ín-rín bo oòrùn déédéé, ló dára jù. Àárọ̀ kùtùkùtù lẹ́wà nínú fọ́tò, àmọ́ òjìji rẹ̀ á bo ìdajì igbó.

Ṣé ó lè ka igi, kó sì wọn gíga wọn?

Ó lè ṣe é dé àyè kan. Nínú oko igi tí wọ́n gbìn lójú ìlà, tí orí wọn kò tíì wọnú ara wọn, kíkà rọrùn, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é fúnra rẹ̀. Nínú igbó àdánidá tí igi ńlá ti bo igi kékeré, orí tó yọ sókè nìkan lẹ máa kà. Àwọn ọ̀dọ́ igi tó wà lábẹ́, tí wọ́n jẹ́ igbó ọ̀la, kò ní sí nínú ìṣirò yín.

Ti gíga tún ní ìdààmú tirẹ̀. Láti mọ gíga igi, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orí rẹ̀ wà àti ibi tí ilẹ̀ wà. Fọ́tò ń rí orí igi. Ilẹ̀ ńkọ́? Bí igbó bá dí, fọ́tò kankan kò rí ilẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè hùmọ̀ ohun tí kámẹ́rà kò rí. Ibí ni LiDAR ti wúlò. Ẹ̀rọ yìí ń ta ìtànṣán lésà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ṣírò àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi padà. Èyí tó pọ̀ jù á kọlu ewé, ṣùgbọ́n díẹ̀ á gba àárín ewé kọjá, á kan ilẹ̀, á sì padà. Àwọn díẹ̀ yẹn ló ń fi ilẹ̀ hàn. Ẹ yọ gíga ilẹ̀ kúrò nínú gíga òkè igbó, ohun tó ṣẹ́ kù ni gíga igi. LiDAR wọ́n gan-an ju kámẹ́rà lásán lọ. Ibi tí igi ti máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn kan máa ń yẹ owó yẹn sílẹ̀: wọ́n á ya fọ́tò ilẹ̀ nígbà tí igi bá wà níhòòhò, wọ́n á ya orí igi nígbà tí ewé bá padà.

Ohun kan tó ku ni sísanra ìtí igi. Àwọn onímọ̀ igbó máa ń wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n àyà èèyàn, 1.3 mítà sókè láti ilẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣírò iye pákó tàbí káàbọ̀nù tó wà nínú igi. Dróònù tó ń fò lókè igbó kì í rí ibẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sàmì sí àwọn àyè kéékèèké nínú igbó, kí ẹ fi tépù wọn igi ibẹ̀, kí ẹ sì fi èsì wọn tọ́ ti dróònù sọ́nà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé iye káàbọ̀nù wá fún yín láti inú fọ́tò dróònù nìkan, ẹ bi í léèrè ibi tí tépù rẹ̀ wà.

Báwo ló ṣe ń mọ igi tó ń ṣàìsàn?

Ewé tó yá gágá máa ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa sára láti fi ṣe oúnjẹ, ó sì máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa, èyí tí ojú èèyàn kò rí, padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ewé bá ń kú lọ, méjèèjì á yí padà. Kámẹ́rà pàtàkì kan wà tó ń ya ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yọ iye pupa kúrò nínú iye ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí, kí ẹ fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Èsì rẹ̀, tó ń jẹ́ NDVI, wà láàárín -1 àti 1. Bó ṣe ń sún mọ́ 1 ni ewé tútù ṣe ń pọ̀ tó.

Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ń sọ pé nǹkan ń ṣe igi ni, kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀dá, kòkòrò àti àìtó oúnjẹ ilẹ̀ lè fún yín ní nọ́ńbà kan náà. Ní Hawaii, níbi tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Ceratocystis ti ń pa igi ʻōhiʻa, wọ́n ń fi àwòrán láti òkè wá igi tí orí rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló ń sọ bóyá àrùn náà ni.

Nígbà mìíràn, dróònù tún máa ń pẹ́ jù. Kòkòrò Ips typographus, tó pa igi spruce rẹpẹtẹ ní Jámánì àti Czech lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 2018, máa ń wà lábẹ́ èèpo nígbà tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí orí igi bá fi máa pọ́n tí kámẹ́rà á fi rí i, kòkòrò náà lè ti bí ọmọ, kó sì ti fò lọ sórí igi mìíràn. Àwọn aṣọ́gbó ibẹ̀ kò jáwọ́ nínú wíwo ìdí igi fún lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ilẹ̀ tí kòkòrò ń gbẹ́ dà sílẹ̀. Dróònù lè sọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀: àyíká igi tó ti kú.

Ṣé ó wúlò nígbà iná igbó?

Ó wúlò ṣáájú iná, nígbà iná àti lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń wo ooru ń rí iná láàárín èéfín àti lóru. Èyí tí mo kà sí jù ni iṣẹ́ lẹ́yìn iná, nígbà tí gbogbo ojú ilẹ̀ ti dúdú, tó dà bíi pé ó ti parí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yinná ṣì wà nínú kùkùté tàbí gbòǹgbò. Kámẹ́rà ooru á tọ́ka sí i, kí atẹ́gùn tó tún un dá sílẹ̀.

Dróònù tún ń dáná. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ jó koríko gbígbẹ kó má baà di iná ńlá máa ń fi dróònù ju àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí kẹ́míkà potassium permanganate wà nínú wọn. Ẹ̀rọ á fi abẹ́rẹ́ rọ kẹ́míkà kejì, glycol, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó já sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa gbiná. Wọ́n ti ń fi hẹlikópítà ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Dróònù kàn mú èèyàn kúrò nínú ewu fífò nílẹ̀ nínú èéfín ni.

Bí ẹ kì í bá ṣe ara àwọn panápaná, ẹ má gbé dróònù sókè níbi tí iná ti ń jó, láéláé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí iná ń jó Los Angeles, dróònù aládàáni kan kọlu bàálù tó ń da omi síná, ó lu ìyẹ́ rẹ̀, bàálù náà sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù.

Ṣé dróònù lè lé àwọn tó ń jí igi gé?

Kò lè lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí ló ń kó. Láti ọdún 2019 ni àwọn Uru-Eu-Wau-Wau, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Rondônia, ní Brazil, ti ń fi dróònù wo ibi tí àwọn ajagungbalẹ̀ ti ń pa igbó wọn, tí wọ́n sì ń kó àwòrán náà fún ìjọba. Agbára irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nínú ọjọ́, àkókò àti àmì ibi tó wà lára rẹ̀, àti nínú pé ẹ kò fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ máa fi ẹ̀dà ṣiṣẹ́, ẹ fi ojúlówó pamọ́.

Ẹ ronú nípa ewu rẹ̀ pẹ̀lú. Dróònù ń pariwo, àwọn agégi á gbọ́ ọ, wọ́n sì lè wá ẹni tó ń darí rẹ̀ kàn. Kí ẹni náà jìnnà, kó má dá wà, kó sì ti mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni tó máa gbé ìgbésẹ̀ lórí àwòrán náà, ẹ tún èrò pa kí ẹ tó fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu nítorí rẹ̀.

Mo gbọ́ pé dróònù ń gbin igi. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ń fọ́n irúgbìn ni, gbígbin yàtọ̀. Irúgbìn tí wọ́n dì sínú ilẹ̀ àti oúnjẹ ewéko á já sílẹ̀ lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ á jẹ lára rẹ̀, oòrùn á gbẹ lára rẹ̀, koríko á sì bo èyí tó hù. Mo gbà á fún ibi tó dá gẹ̀rẹ́ tàbí ibi tí iná ti jó tí èèyàn kò lè dé. Níbi tí èèyàn bá ti lè fọwọ́ gbin ọ̀gbìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ gbìn ín. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ń polówó iye irúgbìn tó fọ́n, ẹ béèrè iye tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì.

Ṣé kì í dẹ́rù ba àwọn ẹranko?

Ó ń dẹ́rù bà wọ́n, kódà nígbà tí kò hàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 lórí àwọn béárì dúdú ní Minnesota fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn wọn ṣe ń lù: ọkàn wọn ń sáré nígbà tí dróònù bá kọjá lókè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò kúrò lójú kan. Àwọn ẹyẹ apẹran bí àṣá àti idì máa ń bínú jù, wọ́n sì lè kọlù ú. Ẹ fò sókè, ẹ má yí ojú kan po, ẹ sì yàgò fún àsìkò tí ẹyẹ ń sàba.

Ìlò rere rẹ̀ wà ṣá. Ní 2012, Lian Pin Koh àti Serge Wich, àwọn onímọ̀ ìdáàbòbò ẹ̀dá, fi dróònù abìyẹ́ kan tí owó rẹ̀ kò tó 2,000 dọ́là ya igbó Sumatra, ìtẹ́ àwọn ọ̀bọ orangutan sì hàn lórí igi nínú fọ́tò rẹ̀.

Òfin ńkọ́?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ ka ti ibi tí ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, òfin gbogbogbòò ni pé kí dróònù má kọjá nǹkan bí 120 mítà sí ilẹ̀, kí ojú ẹni tó ń darí rẹ̀ sì máa rí i. Èkejì yìí ló ń ni àwọn ará igbó lára, torí pé igi á bò ó lójú yín kíá. Ẹ wá òkè, ilé ìṣọ́ tàbí àyè tí igi kò sí kí ẹ dúró síbẹ̀, tàbí kí ẹ gba àṣẹ pàtàkì. Ọ̀pọ̀ igbó tí ìjọba dá sí ló tún ní ìdènà tirẹ̀; àwọn ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dí i lọ́wọ́ láti ọdún 2014.

Báwo ni ilẹ̀ tí bátìrì kan lè gbà ṣe tóbi tó?

Fún aláfáànù mẹ́rin tó fò ní 120 mítà, tí fọ́tò sì wọnú ara wọn bí mo ṣe wí, ẹ fojú sí nǹkan bí 30 sí 50 hẹ́kítà. Fọ́tò ọgọ́rọ̀ọ̀rún nìyẹn. Kíkó wọn jọ lórí kọ̀ǹpútà lè gba wákàtí púpọ̀ ju fífò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n ya owó kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ná gbogbo rẹ̀ sórí dróònù.

Kí ló máa ń gbé dróònù sọ nù nínú igbó?

Igi ni, ju ohunkóhun lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá pàdánù ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdarí tó wà lọ́wọ́ yín, ó máa padà sílé fúnra rẹ̀ ní gíga tí ẹ ti yàn fún un. Bí gíga yẹn bá kéré sí igi tó ga jù lójú ọ̀nà, inú ẹ̀ka ló máa parí sí. Ẹ ka gíga igi mọ́ gíga òkè ilẹ̀ tí igi náà dúró lé, ẹ tún fi àlékún sí i. Ohun kejì ni bátìrì tí wọ́n fẹ́ lò tán: ẹ jẹ́ kó padà bó bá ku ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, torí atẹ́gùn tó gbé e lọ á di èyí tó ń tì í sẹ́yìn nígbà àbọ̀. Ibi tí òtútù bá pọ̀, bátìrì á tètè rẹ̀.

Ta ló ni àwòrán tí a bá yà?

Ẹ fẹnu kò lórí èyí kí dróònù tó gòkè, pàápàá bí èèyàn bá ń gbé inú igbó náà. Àwòrán tó fi igi hàn á fi oko wọn, ilé wọn àti ibi ìjọsìn wọn hàn pẹ̀lú. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí àwòrán náà máa dé ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ẹ̀dà tí wọ́n lè lò.

Fọ́tò dróònù sábà máa ń gbé àmì ibi tí wọ́n ti yà á sínú fáìlì. Bó bá jẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n tàbí igi olówó ńlá ló wà nínú rẹ̀, ẹ yọ àmì náà kúrò lára ẹ̀dà tí ẹ máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn ọdẹ àti agégi náà ń wo ibẹ̀.